Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tor, Privoxy àti Àṣírí Ẹni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a kọ ọ́ pé fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú browser kì í bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà, lẹ́tà mẹ́rin ti wọlé láti Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Èkíní ni yóò gba àyè jù, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan wò kó tó béèrè, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń wù mí láti dáhùn.

Láti ọwọ́ oníṣòwò kan nítòsí Old Garage

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí àwọn ènìyàn sì ń jókòó lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni mo ní. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí àwọn ń wá: ẹlòmíràn ń ka nípa àìsàn, ẹlòmíràn ń wá iṣẹ́ tuntun láìjẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sọ pé a lè so Privoxy pọ̀ mọ́ Tor lórí kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn mẹ́rin yòókù sì máa gba ibẹ̀ kọjá. A ṣe é, àwọn ìkànnì sì ń ṣí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí check.torproject.org, ó ní n kò lo Tor. Níbo ni a ti ṣì í ṣe? Ṣé ọ̀nà yìí tilẹ̀ dára fún àwọn oníbàárà mi?*

Ẹ kú akitiyan. Kí n tó fọwọ́ kan ibi tó ti dàrú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń ṣe, nítorí pé àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà yìí sábà máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan.

Alárinà ni Privoxy. Bí ìdílé ọkọ ti ń rán alárinà sí ìdílé ìyàwó láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni browser yín ń rán Privoxy sí ìkànnì tí ẹ fẹ́ wò, Privoxy a sì gba èsì bọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: alárinà ìgbéyàwó a máa yẹ̀bá nígbà tí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ yẹ̀bá rárá, torí pé ọjọ́ tó bá yẹ̀bá ni browser yín yóò lọ bá ìkànnì fúnra rẹ̀. Inú ètò àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Internet Junkbuster ni Privoxy ti jáde, iṣẹ́ tí wọ́n sì dá a fún ni láti máa gbọn ìpolówó ọjà àti àwọn ohun tó ń tọ ipasẹ̀ ènìyàn dànù kúrò lára ojú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ibi tí ẹ wà pamọ́. Bí ẹ bá lò ó nìkan, àdírẹ́sì IP ti ṣọ́ọ̀bù yín, nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ìsopọ̀ yín mọ̀, náà ni ìkànnì yóò rí.

Tor ló ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni Paul Syverson, Michael Reed àti David Goldschlag, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Ọmọ Ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí wọ́n fi àlùbọ́sà sọ lórúkọ. Ní ọdún 2002 ni Roger Dingledine àti Nick Mathewson, pẹ̀lú Syverson, gbé Tor fúnra rẹ̀ jáde, ọdún 2006 sì ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀, àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Ìdí tí wọ́n fi pè é ní àlùbọ́sà ni pé kọ̀ǹpútà yín yóò fi èèpo mẹ́ta di ọ̀rọ̀ yín, ọ̀kan lórí èkejì, tí èèpo kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, yóò sì gbé e gba ọwọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fi sílẹ̀ káàkiri ayé. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò bó èèpo tirẹ̀ nìkan. Àwọn bàbá wa mọ irú iṣẹ́ yìí nídìí àrokò: ìránṣẹ́ a gbé ẹrù dání, kò sì mọ ohun tó ń wí. Tor tún fi kún un pé ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ mọ̀ pé Òṣogbo ni ẹrù ti wá, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń lọ. Ìkẹta mọ ibi tó ń lọ, kò mọ̀ pé Òṣogbo ló ti wá. Ti àárín kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ogun Ojú Omi yẹn yẹ ní dídúró lé lórí díẹ̀. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí ilé iṣẹ́ ológun fi ohun ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún mùtúmùwà. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ogun nìkan ló ń lò ó, gbogbo ẹrù tó bá ti ibẹ̀ jáde ni ayé yóò mọ̀ pé ti ọmọ ogun ni. Ó di dandan kí oníṣòwò, akọ̀ròyìn, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyá ọlọ́mọ wà nínú èrò kan náà kí ẹnikẹ́ni tó lè sá pamọ́ sáàárín wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Kí ló wá mú kí àwọn ènìyàn so àwọn méjèèjì pọ̀? Èdè tí wọ́n ń pè ní SOCKS ni Tor ń gbọ́, ní ojúlé (port) 9050 lórí kọ̀ǹpútà tó bá wà. Láyé ìgbà kan, bí ẹ bá darí browser tààrà síbẹ̀, ó lè kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì ìkànnì náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín kó tó gbé ọ̀rọ̀ lé Tor lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tó fi aṣọ bojú, tó sì wá dúró lójúde béèrè ilé tí òun ń lọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọ́n fi Privoxy sáàárín, ní ojúlé 8118, kí ó lè gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ browser ní èdè tó mọ̀, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀, títí kan bíbéèrè àdírẹ́sì, fún Tor.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àṣìṣe yín. Nítorí pé àwọn ìkànnì ń ṣí, a mọ̀ pé ọ̀nà kò dí. Ńṣe ni ọ̀rọ̀ yín ń gba ibòmíràn jáde. Ibi méjì ni mo fura sí.

Èkíní ni fáìlì ìṣètò Privoxy, tó wà ní /etc/privoxy/config bí ó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe, ni ẹ lò. Ẹ wá ìlà tó kà báyìí:

forward-socks5t / 127.0.0.1:9050 .

Bí Privoxy bá ti dé, ìlà yìí máa ń ní àmì # níwájú, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ yọ àmì náà kúrò. Ẹ sì kíyè sí ẹyọ àmì ìdánudúró tó wà ní ìparí. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ohun tó ń wí ni pé kò sí alárinà mìíràn lẹ́yìn Tor. Èmi fúnra mi ti yọ ọ́ sọnù rí nígbà tí mò ń da ìlà náà kọ láti inú ìwé, mo rò pé ńṣe ni ẹni tó kọ ìwé fi parí gbólóhùn rẹ̀. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi jókòó tì í. Ìlà tí kò pé yẹn ni Privoxy kàn fò kọjá, ó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí n kò yẹ̀ wò, ó sì ń gbé mi jáde ní ọ̀nà tààrà láìṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èyí ni mo fi sọ pé irú àṣìṣe yìí burú ju kí nǹkan má ṣiṣẹ́ rárá lọ: bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ̀.

Ibi kejì wà nínú Firefox. Bí ẹ bá kọ àdírẹ́sì alárinà sí àyè ti HTTP, tí ẹ kò sì fọwọ́ sí àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ó lo alárinà kan náà fún HTTPS, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn pẹ̀lú àgádágodo, kìkì ìkànnì aláìní-àgádágodo ni yóò gba Tor. Lóde òní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìkànnì ló ti wà lórí HTTPS, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìrìn yín ló gba ìta. Ẹ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ tún Privoxy tàn pẹ̀lú sudo systemctl restart privoxy, ẹ lọ sí http://p.p nínú browser. Bí Privoxy bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá yín lóhùn níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá rí ìyẹn tán ni kí ẹ tó padà sí ìkànnì ìyẹ̀wò Tor.

Ó ku kọ̀ǹpútà mẹ́rin yòókù. Ara rẹ̀ nìkan ni Privoxy máa ń dá lóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé listen-address rẹ̀, àdírẹ́sì tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, jẹ́ 127.0.0.1:8118. Kí àwọn yòókù tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ní láti fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yín rọ́pò rẹ̀, irú bíi 192.168.1.10:8118. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ojúlé yìí síta gbangba íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. Alárinà tí kò bá ní olùṣọ́, àwọn ènìyànkénìyàn yóò wá a rí, wọn yóò sì máa fi í ṣe iṣẹ́ ibi.

Mo ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Ìdajì kejì ni bóyá ó dára fún àwọn oníbàárà, èrò tèmi sì ni pé kò dára.

Ẹ ronú ìnáwó ńlá kan ní gbọ̀ngàn, níbi tí igba obìnrin ti wọ léèsì kan náà, tí wọ́n wé gèlè kan náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ pe obìnrin kan wá, tí àpèjúwe tí wọ́n fún yín kò sì ju pé aláṣọ aró ni, ẹ ó yípo títí ìlù yóò fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá aṣọ tirẹ̀ rán, kódà kí ó fi ìborùn bo ojú, kíá ni ẹ ó mú un. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí ni Tor Browser, browser tí àwọn tó ń ṣe Tor fúnra wọn gbé jáde, ń ṣe. Ó mú kí gbogbo ẹni tó ń lò ó jọ ara wọn lójú ìkànnì: ìwọ̀n fèrèsé tó súnmọ́ra, irú lẹ́tà kan náà, aago kan náà. Firefox lásán tí ẹ gbé gba Privoxy kò wọ aṣọ yìí. Òótọ́ ni pé àdírẹ́sì IP yóò jẹ́ ti Jámánì tàbí ti Kánádà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà, àwọn lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀, aago Lagos àti àwọn àfikún tí ọmọ iṣẹ́ yín fi sí i yóò máa sọ fún ìkànnì pé onítọ̀hún ti àná náà tún ti dé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe Tor fi ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn pé browser tiwọn ni kí wọ́n máa fi rìn, kì í ṣe èyí tí wọ́n fúnra wọn so pọ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ọmọ iṣẹ́ yín kò rò. Láàárín kọ̀ǹpútà oníbàárà àti kọ̀ǹpútà tí Privoxy wà, orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń kọjá ní gbangba, Privoxy sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa àṣírí àwọn oníbàárà mọ́ ni ẹ wá di ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Mo gbà pé ẹ kò ní wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí kọ̀ǹpútà náà gbé lè wò ó.

Nítorí náà, ẹ gba Tor Browser láti torproject.org nìkan, kì í ṣe láti inú fláàṣì ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi í sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ browser tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi àfikún kankan sí i. Nígbà tí oníbàárà bá dìde, ẹ pa á dé pátápátá, ìtàn ohun tó wò níbẹ̀ yóò pa rẹ́. Ẹni tó fẹ́ yẹ èsì JAMB wò tàbí kí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò nílò rẹ̀; orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ náà ló ń kọ síbẹ̀, Tor yóò sì kàn fi ìdúró-pẹ́ jẹ ẹ́ níyà ni. Ní ti òfin, Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ irú tiyín ní ìwé tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà yóò máa forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ máa tọ́jú ìwé yẹn bí òfin ti wí. Kíkọ orúkọ ẹni tó wọlé yàtọ̀ sí wíwo ohun tó kà.

Ẹ má ju Privoxy nù o. Ó wúlò fún àwọn ètò tí kò ní browser tiwọn, irú bí èyí tó ń gba àtúnṣe wọlé fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gba Tor. Àwọn Tor tuntun tilẹ̀ ní HTTPTunnelPort, tó fún wọn ní agbára láti ṣe alárinà HTTP fúnra wọn. Bí ẹ bá sì rí ìwé tó ní kí ẹ lo Polipo, alárinà mìíràn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìwé náà ti gbó, nítorí ẹni tó ṣe Polipo ti pa á tì.

Láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Òkè-Fìà

*Ẹ kú làálàá. Wi-Fi ibi iṣẹ́ wa ni mo máa ń lò nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ nípa àìrọ́mọbí nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìpolówó oògùn àti ilé ìwòsàn ti ń tẹ̀lé mi káàkiri. Bí mo bá gba Tor Browser, ta ni yóò ṣì máa rí mi?*

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ta ni, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ kàn ń pa ìtàn rẹ́ lórí fóònù tiyín ni, bíi kí ènìyàn gbá ìta lẹ́yìn àlejò. Kò sọ pé kí ará àdúgbò má rí àlejò náà nígbà tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti wọlé sí àkáǹtì Google tàbí Facebook nínú fèrèsé yẹn, wọ́n mọ̀ yín. Bí ẹ kò tilẹ̀ wọlé, àdírẹ́sì IP àti ìrísí fóònù yín lè tó fún àwọn onípolówó.

Pẹ̀lú Tor Browser, ìkànnì tí ẹ ń kà kò ní mọ ibi tí ẹ ti wá. Ẹni tó ń bójú tó Wi-Fi ibi iṣẹ́ kò ní mọ ibi tí ẹ lọ, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹ ń lo Tor, yóò sì mọ àkókò tí ẹ lò ó. Ẹ má fojú kéré èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi ímeèlì ránṣẹ́ pé wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ sínú ọgbà, kí wọ́n lè fagi lé ìdánwò. Ó gba Tor kọjá. Wọn kò já Tor rárá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo ẹni tó lo Tor lórí Wi-Fi ọgbà ní àkókò yẹn, wọ́n bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́. Iṣẹ́ ibi ni tirẹ̀, tiyín kì í ṣe iṣẹ́ ibi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń bo ojú ní gbogbo wọ́ọ̀dù, bíbo ojú náà ni wọn yóò fi dá yín mọ̀. Dátà tiyín ni kí ẹ fi ṣe é, nílé.

Ẹni tó kù ni ẹ̀rọ ìkẹta, níbi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń bó èèpo ìkẹyìn kó tó jáde sí ìkànnì. Bí ìkànnì náà kò bá ní HTTPS, ẹni tó ni ẹ̀rọ yẹn lè ka gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2007, ọmọ Sweden kan, Dan Egerstad, gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó sì rí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba oríṣiríṣi tó ń kọjá níhòòhò. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn rò pé Tor ń ti ọ̀rọ̀ àwọn ní kọ́kọ́rọ́ títí dé òpin ìrìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tor Browser tòní máa ń fi dandan lé HTTPS. Bí ó bá kìlọ̀ fún yín pé ìkànnì kan kò ní in, ẹ má tẹ̀síwájú. Àwọn kan ti kọ́ ilé sínú Tor fúnra wọn tí ọ̀rọ̀ kò fi ní jáde síta rárá, bí Facebook ti ṣe ní ọdún 2014 àti BBC ní ọdún 2019.

Tor Browser wà fún fóònù Android. Orbot náà wà, tó ń kó àwọn áàpù yòókù gba Tor, ṣùgbọ́n kò ní gbé ìpè ohùn tàbí ti fídíò, nítorí pé ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TCP nìkan ni Tor ń gbé, ti ìpè sì sábà máa ń yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ áàpù báńkì kúrò níbẹ̀. Bí báńkì bá rí i pé ẹ wọlé láti Netherlands láàárọ̀, tí ẹ tún wọlé láti Romania lọ́sàn-án, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa, n kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ fi kún un ni pé bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí tán nínú Tor Browser, kí ẹ má ṣe wọlé sí Facebook yín nínú rẹ̀ láti lọ béèrè ìbéèrè ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Orúkọ yín ni ẹ fi béèrè yẹn.

Láti ọwọ́ bàbá kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

*Mo rí Tor lórí kọ̀ǹpútà ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé àwọn ọmọ yahoo ló ń lò ó. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?*

Bàbá, ẹ má tíì yọ ọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Inú Tor ni ọjà oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní Silk Road wà kí ìjọba Amẹ́ríkà tó tì í pa ní ọdún 2013. Inú rẹ̀ náà ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Òfin Cybercrimes tí mo mẹ́nu bà lókè ń fìyà jẹ ẹni tó lu jìbìtì, tó jí ìdánimọ̀ ẹlòmíràn tàbí tó fọ́ kọ̀ǹpútà onítọ̀hún. Ohun tí ènìyàn ṣe ló ń wò. Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà sì dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, títí dé orí lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù rẹ̀. Ẹ ó rántí pé nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí ló kọ́ láti fi VPN, ètò tó ń gbé ìsopọ̀ ẹni gba ẹ̀rọ ibòmíràn, yà bàrá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń fi í ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó fi hàn yín. Bí ó bá ń sá fún ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Tor.

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní UNIOSUN

*Ẹ̀yin àgbà, Tor Browser mi kì í wọlé. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò dúró lójú kan, yóò sì sọ pé òun kò lè dé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, lórí dátà kan náà, ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àlòkù ni tèmi.*

Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín. Ní wákàtí wákàtí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tor ń ṣe ìwé tuntun tí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ìwé náà kì í sì í pẹ́ kó tó dòkú. Bí aago yín bá ń sọ pé ọdún 2015 la wà, tàbí tó fi wákàtí mélòó kan ṣáájú, lójú Tor ìwé náà kò tíì tó àkókò tàbí kó ti kọjá àkókò, kò sì ní gbà á. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́, bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí pátákó inú rẹ̀ máa ń kú, gbogbo ìgbà tí iná bá sì lọ ni déètì yóò padà sẹ́yìn.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jìn sí. Wọ́n á fi ọwọ́ yí aago títí yóò fi bá ti ara ògiri mu, ṣùgbọ́n wọn kò ní yí agbègbè àkókò, tó ṣì wà ní ti Amẹ́ríkà láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà náà. Lójú yín, aago tọ̀nà. Lójú Tor, ó ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣìnà. Ẹ yan Lagos fún agbègbè àkókò ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan wákàtí àti ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ ra bátìrì CR2032 lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà tàbí aago ọwọ́ ṣe, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ti àtijọ́. Bí ó bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí abala Connection nínú ìṣètò Tor Browser, ẹ yan bridge (afárá, ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú Tor) tó ń jẹ́ Snowflake, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó pa á dé.